Ìbọn Baba Àkàrà-ògùn: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ẹni Tí Yóò Sùn Nínú Igbó Gbé Ohun Ìjà Lọ́wọ́?

Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń múra láti lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin ní etí igbó kan ní agbègbè Òkè-Ògùn, kí a lè gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ ibẹ̀, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa tí kò parí títí a fi lọ tí a sì fi bọ̀. Ìbéèrè náà kò gùn rárá: ǹjẹ́ ó yẹ kí a gbé ohun ìjà lọ́wọ́? Àwọn kan ní kí a yá ìbọn ṣakabùlà méjì. Àwọn mìíràn ní àdá tó. Àwọn díẹ̀ sì wí pé ẹni tí ó ń lọ gba ìjálá sílẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ìbọn ṣe. Nígbà náà ni ọ̀gá mi kan nínú iṣẹ́ olùkọ́ni dìde, wọ́n sì béèrè bí a bá rí ọdẹ kan nínú ìwé Fágúnwà tí ó fi ọwọ́ lásán wọ igbó. Gbogbo ilé bú sí ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé láti inú igbó náà, lẹ́yìn ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀ tí n óò sọ kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi, mo mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sílẹ̀, mo sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ohun ìjà nìkan ni mo fi kà á. Mo ń wò ó pé: ìbọn tí ó dún yìí, ta ni ó pa? Àdá tí a fà yọ yìí, ara ta ni ó bà? Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu, òun ni mo sì fẹ́ gbé kalẹ̀ síwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yìí lọ́dọọdún. Mo tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Èsì ni mo ń fún wọn, kì í ṣe ìjà.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ òtítọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Láti ìgbà tí ìwé yìí ti jáde ní 1938, títí dé Igbó Olódùmarè ní 1949 àti Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, ọdẹ ni àwọn akọni inú ìtàn Fágúnwà, ohun ìjà kò sì jìnnà sí ọwọ́ wọn. Orúkọ oyè Kàkó gan-an, oníkùmọ̀ ẹkùn, láti ara ohun ìjà ni ó ti wá. Èdè wa pẹ̀lú kún fún ọ̀wọ̀ fún irin. A máa ń wí pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí láti kékeré kò ní í ṣàì rò pé ọkùnrin tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ kò ì tíì di ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni igbó ayé òde òní kì í ṣe ibi eré. Àwọn ajínigbé wà nínú rẹ̀; àgbẹ̀ mìíràn kò lè sùn ní abà rẹ̀ mọ́; ìdí nìyí tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ti ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù fi dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Ẹni tí ó bá ní kí a má bẹ̀rù, kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n kí a ṣí ìwé náà wò.

Ìbọn àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá nínú Ògbójú Ọdẹ kì í ṣe ti Àkàrà-ògùn, ti baba rẹ̀ ni. Ọdẹ pàtàkì ni baba náà. Àjẹ́ paraku sì ni ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin yìí rí ẹranko kan, ó yìnbọn, ìbọn sì bà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà mọ ìyókù: ìyàwó rẹ̀, ìyá Àkàrà-ògùn, ni ó yìnbọn fún. Nígbà tí a rí òkú rẹ̀, apá kan ènìyàn ni, apá kan ẹranko. Orí ìtàn yìí ni a gbé ayé Àkàrà-ògùn kà. Ìbọn ilé wọn ni ó sọ ọ́ di ọmọ tí kò ní ìyá, kí ó tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ Igbó Irúnmalẹ̀ rárá.

Ohun ìjà kejì tí mo fẹ́ kí a wò ni ti Kàkó. Ọba ìlú ti rán àwọn ọdẹ sí Òkè Láńgbòdó. Àkàrà-ògùn lọ pe Kàkó kí wọn jọ lọ. Ìyàwó Kàkó dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó fi òun sílẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, kò fi í sílẹ̀. Kàkó sì ṣá a pa, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Kàkó kò tí ì wọ inú igbó ní ọjọ́ tí a ń wí yìí. Kò tí ì rí iwin kan, kò tí ì pàdé ewu kan. Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ta sílẹ̀ ní ìrìnàjò náà, ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi méjèèjì ti ara wọn. Ọkọ méjì, ìyàwó méjì, ohun ìjà méjì. Baba Àkàrà-ògùn kò béèrè ẹni tí ó wà níwájú òun kí ó tó yìnbọn. Kàkó mọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fetí sí i. Ẹni ìṣáájú kò béèrè, ẹni ìkejì kò gbọ́. Nínú gbogbo ikú tí ó wà nínú ìwé yìí, àwọn méjì wọ̀nyí ni wọn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé kì í ṣe iwin ni ó kú, kì í ṣe ẹbọra, kì í ṣe ọ̀tá. Ará ilé ni.

Ẹnìkan lè wí pé Fágúnwà kàn ṣe àgbékalẹ̀ ìtàn bẹ́ẹ̀ ni, pé kò ní èrò kan nípa ohun ìjà lọ́kàn. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tí ó bá mu omi nínú kànga àwọn baba rẹ̀ kì í ṣàì ta nínú omi náà sílẹ̀. Ẹ rántí Ògún fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ni irin, ẹni tí gbogbo ọdẹ ń bọ. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé Ògún dé Ìrè ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àjọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, agbè ṣófo. Ó rò pé wọ́n ń tàbùkù òun, ó fa idà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pa wọ́n. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ni ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn òun ni òun pa, àti pé èèwọ̀ ọjọ́ náà ni kò jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ìbànújẹ́ yìí ni ó mú kí ó wọ ilẹ̀ lọ. Ǹjẹ́ kò yẹ kí a fura? Òrìṣà tí ó ni ohun ìjà, òun ni ìtàn fi hàn wá bí ẹni tí ó ṣì í lò. Àwọn baba wa tún pa á lówe pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Bí a bá ń ka òwe èkù idà sí àwọn ọmọ létí, ẹ jẹ́ kí a máa ka èyí náà tẹ̀lé e.

Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó ń gba àwọn ọdẹ Fágúnwà là nínú igbó? Ibí yìí ni ìwé náà ti jinlẹ̀ jù. Ẹ wo àwọn tí a yàn fún ìrìnàjò Òkè Láńgbòdó. Lóòótọ́, Kàkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ ni a torí rẹ̀ mú un dání. Olóhùn-iyọ wà níbẹ̀, ẹni tí kò ní ohun méjì tí ó ju ohùn dídùn lọ. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ wà níbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè àwọn ẹranko. Ọgbọ́n, orin, àti gbígbọ́ èdè ẹlòmíràn: ta ni nínú wa tí ó ń kó mẹ́ta wọ̀nyí sínú ẹrù nígbà tí ó bá ń lọ pàgọ́? Àti pé nígbà tí àwọn ọdẹ náà dé ibi tí wọ́n ń lọ, kí ni wọ́n rí gbà? Kì í ṣe ìṣúra tí a fi idà gbà. Ìrágbèje ni ó jókòó tì wọ́n, tí ó sì ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n fún ọjọ́ méje.

Ẹ tún wo Àgbákò, ẹ̀rù tí ó ń ba gbogbo ọmọ ilé ìwé tí ó bá ka ìwé náà. Àkàrà-ògùn bá a jà tagbára-tagbára, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé ó pa á. Ilẹ̀ ni ó lanu tí ó sì gbé wọn mì. Ọdẹ yìí bọ́, kò ṣẹ́gun. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín bíbọ́ àti ṣíṣẹ́gun, ẹni tí ó bá sì mọ òògùn àwọn ọdẹ wa dáadáa yóò mọ̀ pé ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Kí ni iṣẹ́ òkígbẹ́? Kí irin má baà wọ ara ẹni. Kí ni iṣẹ́ ayẹta? Kí ọta ìbọn yẹ̀ lórí ẹni. Àfẹ̀ẹ̀rí ń mú kí a má rí ẹni. Kánàkò ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú. Egbé ń gbé ẹni kúrò nínú ewu lọ sí ilé. Bí ẹ bá to gbogbo wọn jọ, ẹ óò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ọdẹ fi pamọ́ sí ara jẹ́ ohun tí yóò fi sá, tí yóò fi fara pamọ́, tàbí tí yóò fi padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹran jíjẹ ni ìbọn wà fún. Fún ewu, ọdẹ gbẹ́kẹ̀ lé bí yóò ti ṣe kúrò níbẹ̀. Àwa tí a jókòó sí ìgboro ni a rò pé ọdẹ ń wá ìjà kiri.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú igbó Fágúnwà, ẹnu ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Iwin yóò béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí ọdẹ ti gba àṣẹ wọ inú igbó. Ọdẹ yóò dáhùn. Èyí yóò kì ara rẹ̀, tọ̀hún yóò kì ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka ìpàdé Olówó-ayé pẹ̀lú Èṣù-kékeré-òde nínú Igbó Olódùmarè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀ kí ọwọ́ tó kan ọwọ́. Àwọn alárìíwísí kan ti ka èyí sí àsọdùn, wọ́n ní Fágúnwà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ jù. Mo rò pé wọ́n ṣì í. Òfin igbó náà ni. Àlejò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀, onílé gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀, ìgbà náà ni a tó mọ̀ bóyá ìjà ni àbí ọ̀rẹ́. Èyí ni ó mú kí ìbọn baba Àkàrà-ògùn burú tó bẹ́ẹ̀: òun ni ó dún láìsí ọ̀rọ̀ kankan ṣáájú rẹ̀.

N kò fẹ́ fi Tutùọlá sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé rẹ̀, nítorí pé òun ni ó sọ ohun tí Fágúnwà kò sọ tán. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ọ̀mùtí náà àti ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà igi funfun kan. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn ní àádọ́rin pọ́n-ùn, ṣílè méjìdínlógún àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yá ẹlòmíràn ní pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ikú tí wọ́n ti tà kò ṣeé gbà mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò lè kú, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ̀rín ni a máa ń fi èyí rín. Ṣùgbọ́n ó ṣe kedere nínú rẹ̀ pé ẹ̀rù àti ewu kì í ṣe ohun kan náà. A lè mú ewu kúrò pátápátá kí ẹ̀rù sì dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun ìjà tí a ń gbé lọ sínú àgọ́, ẹ̀rù ni ó ń gbé e, ewu kò mọ̀ nípa rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ kejì, ti 1954, ọmọ ọdún méje ni ó sá wọ igbó àwọn iwin lọ́wọ́ òfo. Kí ni ó lé e wọlé? Ogun àwọn tí ń kó ẹrú. Ìlú ni ohun ìjà wà. Inú igbó ni ọmọ náà sá pamọ́ sí.

Wàyí o, ó tó àkókò kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ti ṣèlérí.

Ẹgbẹ́ wa kò gbé ìbọn lọ sí Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ wọn, èmi tí mo ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ewu kò sí, mo mú àdá kan tí a fi ń gé igi ìdáná, mo sì fi í sí abẹ́ ẹní mi ní òru ọjọ́ kejì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òjò ti rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, iná wa ti kú. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó tún rìn. Nǹkan kan fọwọ́ kan aṣọ àgọ́ náà. N kò sọ̀rọ̀. Mo fa àdá yọ, mo sì fi gbogbo agbára mi ṣá ohun tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Òpó àgọ́ ni àdá náà bà, ó sì wọ inú igi náà jinlẹ̀. Ní apá kejì òpó náà, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ó jáde lọ tọ̀ ni, òkùnkùn sì mú kí ó ṣi àgọ́.

Ọdẹ àgbà tí ó gbà wá ní àlejò jí, ó gbé iná wá. Ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo òpó, ó wo èmi. Kò bá mi wí. Ó kàn sọ pé, “Tíṣà, ṣé ẹ ò kọ́kọ́ pè é ni?”

Títí di òní, n kò mọ èsì tí mo lè fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣàlàyé fún mi pé bí ọdẹ méjì bá máa dẹ igbó kan náà lóru, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìhà tí olúkúlùkù ń lọ fún ara wọn. Pé súfèé wà tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Pé ojú tí ó ń tàn nínú iná kò tó láti yìnbọn sí, àfi bí ọdẹ bá rí ara ẹran náà. Ó ní ìbọn kò mọ ọmọ, kò mọ àlejò, ẹni tí ó gbé e ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n fún un. Mo ti lo ọdún mẹ́rin ní òkè òkun tí mo ń kọ ìwé lórí ìtàn àròsọ Yorùbá kí wọ́n tó fún mi ní oyè ọ̀mọ̀wé. Gbólóhùn kan láti ẹnu ọkùnrin yìí ni ó fi ibi tí ọkàn ìwé Fágúnwà wà hàn mí.

Láti ìgbà náà ni n kò ti lè ka ikú ìyá Àkàrà-ògùn bí mo ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Níhìn-ín pẹ̀lú ni mo ti rí àléébù kan nínú iṣẹ́ àgbà òǹkọ̀wé náà, àléébù tí ó yẹ kí a sọ láìbẹ̀rù, nítorí pé ìyìn tí kò ní àríwísí nínú kò níyì. Fágúnwà sọ obìnrin náà di àjẹ́ paraku kí ó tó jẹ́ kí ọta ìbọn bà á. Ó tipa bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ọkọ. Bí òǹkàwé bá dé ibẹ̀, yóò wí pé, “Ó tọ́ sí i.” Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà fà á, ẹranko ni ojú rẹ̀ rí.  Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtàn náà kò dúró pẹ́ lórí òkú ìyàwó Kàkó. Òǹkọ̀wé tí ó máa ń dá ìtàn dúró láti gbà wá níyànjú lórí ọ̀lẹ, lórí ojúkòkòrò, lórí àìgbọ́ràn sí òbí, yára kọjá ibí yìí. Mo rò pé ó yẹ kí ó dúró.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ. Ọmọ tí a bá kọ́ pé ẹni tí a pa lókùnkùn kò ní í ṣàì jẹ́ ẹni ibi, bí ó bá dàgbà, ẹ̀kọ́ náà yóò bá a dàgbà. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa aláìṣẹ̀ tí àwọn èrò lù pa nítorí pé wọ́n fura sí i pé ajínigbé ni, tàbí arúgbó obìnrin tí wọ́n pè ní àjẹ́. Lẹ́yìn ikú ni a máa ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri. Ìyẹn ni ìbọn baba Àkàrà-ògùn tí ó ń dún títí di òní.

N kò sọ pé igbó gbogbo ayé jẹ́ ọ̀kan náà. Igbó kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìkookò ti parẹ́ láti ayé àtijọ́, òfin 1988 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti mú ọ̀bẹ kiri láìsí ìdí pàtàkì, àfi ọ̀bẹ kékeré tí a ń ká, tí ẹnu rẹ̀ kò ju íǹṣì mẹ́ta lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2010, àlejò lè gbé ìbọn wọ inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ bí òfin ìpínlẹ̀ ibẹ̀ bá gbà á. Síbẹ̀, ní Yellowstone níbi tí béárì pọ̀ sí, ata tí a ń fín sí béárì lójú ni àwọn alábòójútó ń gba àlejò níyànjú láti mú dání. Ní ilẹ̀ tiwa, òfin ìbọn tí a ṣe ní 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀: ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ní in. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá yá ìbọn ọlọ́bẹ̀ lọ́wọ́ ọdẹ ti kó ara rẹ̀ àti ọdẹ náà sí wàhálà kí ó tó rí ẹranko kankan.

Kí ni kí a wá ṣe? Èrò tèmi nìyí. Àdá jẹ́ irinṣẹ́. Kí a mú un lọ, kí a fi ṣán igbó, kí a fi gé igi, kí a sì kó o sí ojú kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Kí ó má ṣe wọ abẹ́ ẹní ẹnikẹ́ni. Ìbọn kò yẹ ní ọwọ́ wa rárá. Bí igbó kan bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn fi di dandan, kí a wá ọdẹ tí ó mọ̀ ọ́n lò, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, tí ìlú mọ̀, kí ó bá wa sùn níbẹ̀. Bí a kò bá rí irú rẹ̀, kí a sùn sí ìlú, kí a sì wọ igbó ní ọ̀sán. Kí a kí baálẹ̀ kí a tó pàgọ́. Kí iná má kú. Kí olúkúlùkù mọ orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ àti ibi tí ó ń sùn sí. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ jáde lóru sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kí a pè. Ọ̀tá tí a pè mọ̀ pé a kò sùn, ọ̀rẹ́ tí a pè yóò dáhùn.

Ọ̀gá mi béèrè ọdẹ kan tí ó fi ọwọ́ lásán wọ igbó nínú ìwé Fágúnwà. Mo gbà fún wọn pé n kò rí i. Ṣùgbọ́n mo rí ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀, mo rí èkejì tí ọgbọ́n ni tirẹ̀, mo sì rí ẹ̀kẹta tí ó gbọ́ ohun tí ẹranko ń wí. Mo tún rí obìnrin méjì tí wọ́n kú lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó dáàbò bò wọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá tún gbé ìwé náà dé iwájú àwọn ọmọ ní ọdún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí àwọn obìnrin méjèèjì náà. Ẹ béèrè ìbéèrè ọdẹ Òkè-Ògùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ: ǹjẹ́ ó kọ́kọ́ pè é?

Ọmọ tí ó dúró ní apá kejì òpó ní òru ọjọ́ náà ti wọ ọdún kejì báyìí. Ó máa ń kí mi pẹ̀lú ọ̀yàyà nígbàkúùgbà tí a bá pàdé. Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti igi tí ó gba àdá náà.